Àga Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àga mi ṣe rí, kí ẹ tó máa pè mí ní ìkà.

Àga oníke ni. Funfun ni tẹ́lẹ̀, ó ti wá di àwọ̀ eyín àgbà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, tí mo bá fara tì í pẹ́ńpẹ́, á dún gbọ̀n-ọ́n, gbogbo ilé á yíjú wò mí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà, lábẹ́ fèrèsé, nínú yàrá tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé wa ti ń ṣèpàdé. Tábìlì ńlá wà láàárín yàrá náà, àga méje yí i ká, tìmùtìmù aláwọ̀ ewé wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Èmi akọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. "Alága sọ pé." "Ọ̀gá ilé ìwé dáhùn pé." "Gbogbo ilé fọwọ́ sí i." Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kan tí mo la ẹnu sọ pé òjò ń jò sórí àwọn fáìlì, Ìyá Alága yọjú lókè gíláàsì ẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, ta ló pè ọ́?" Mo gbé báàgì mi sábẹ́ ibi tó ń jò. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá Alága, ohùn ẹ̀ ṣì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ ní kéèyàn ṣí ìdí sílẹ̀ kóun gún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ wọ́n fún tìmùtìmù. Wọ́n ní àwọn máa wò ó. Mi ò tiẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo bẹ̀ wọ́n, torí ohun tí akọ̀wé bá sọ kì í wọnú ìwé.

Àfi bí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe jókòó níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ṣe òfin tuntun fún gbogbo ìgbìmọ̀ ilé ìwé ìjọba. Wọ́n ní àga méje ò tó mọ́. Kí wọ́n fi ìkẹjọ kún un, kó jẹ́ ti òbí kan tó lọ́mọ nínú ilé ìwé náà, káwọn òbí fúnra wọn dìbò yàn án kí oṣù tó parí. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ti ṣá, àfi bíi pé eṣinṣin ló fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìyá Alága ní kí n tún un tẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá! Ṣé ẹ mọ bí àwa tá à ń tẹ̀wé ṣe máa ń ṣe? Ìka ló ń ṣiṣẹ́, ojú kàn ń sìn ín lọ ni. Mo tẹ òfin yẹn látòkè délẹ̀ tòun ti orin nínú etí mi, ká ní ẹ bi mí ohun tó wà níbẹ̀, màá kàn máa wò yín ni.

Apá kẹrin nìkan ni mo kà dáadáa, torí iṣẹ́ tèmi ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ du àga náà mọ́ pátákó ìkéde ẹnu geètì fún ọjọ́ méje gbáko kí wọ́n tó dìbò. Ọjọ́ tó bá lẹ̀ ẹ́, wọn ò kà á mọ́ ọn. Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n fi ìdìbò sí. Ìyẹn ni pé, ó pẹ́ jù, bébà gbọ́dọ̀ ti wà lókè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Èèyàn méjì ló jáde. Bíríkìlà kan tọ́mọ ẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin, àti Abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ni àbúrò mi. Ìyá kan, bàbá kan. Télọ̀ ni, òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé wa, ìyẹn ni gbogbo ayé ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo kàwé yanjú, òun pa ìwé tì lágbede méjì, ó gba ìdí máṣíìnì lọ. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ọmọ ẹ̀ wà ní kíláàsì kejì. Èmi ò tíì bímọ, torí náà òfin ò mọ̀ mí rí. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọdún mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òfin dé, ó fo orí mi kọjá, ó lọ bà lé orí àbúrò mi.

Ilé Màmá wa ló ti sọ ọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. Màmá ń ká aṣọ, èmi ń bá wọn ká a.

"Màmá, àwọn òbí ní kí n wá du àga ìgbìmọ̀ ilé ìwé."

Màmá ju aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ọmọ mi! Ọmọ tèmi á bá àwọn èèyàn ńlá jókòó!"

Mo ní, "Màmá, èmi ńkọ́? Ṣebí ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá wọn jókòó."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ ń bá wọn kọ̀wé ni. Tìẹ yàtọ̀."

Tìẹ yàtọ̀. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ àyà mi, kò jáde lẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má ṣe àǹtí mi bẹ́ẹ̀ jàre. Àǹtí Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ máa bá mi kọ ohun tí màá sọ o. Ẹ mọ̀ pé tí mo bá ti rí èrò, ahọ́n mi á so kókó."

"Ó dáa," ni mo wí.

"Ìgbìmọ̀ tún ní kí n rán tìmùtìmù kan fún àga kẹjọ, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ẹ wò ó, mo ti rán an tán." Ó fà á yọ nínú báàgì. Aláwọ̀ ewé, ó rán etí ẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kò sí fọ́nrán òwú kan tó yọ. Mo fìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi rì.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àga tí ẹnì kankan ò tíì jókòó lé ti ní tìmùtìmù!

Mi ò ní í purọ́ fún yín, owú ni mo ń jẹ. Orogún ò jẹ irú ẹ̀ rí. Mo délé, mo kọ ọ̀rọ̀ tó ní kí n bá òun kọ, ojú ìwé méjì, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ gbàǹgbà gbàǹgbà sínú ẹ̀, irú èyí tí ẹnu ẹ̀ ò ní í lè gbé. Mo fún un. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun, ọpọlọ yín yìí!" Ìyẹn tún wá bí mi nínú sí i.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí yìí. Mo tẹ ìkéde náà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ Abẹ́rẹ́ wà láàárín gbùngbùn, lẹ́tà ńlá. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní bíi kòkòrò: akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Mo ṣa píìnì mẹ́rin, mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó wo ìta.

Abẹ́rẹ́ ló wà nínú ọgbà, téèpù lọ́rùn, ó ń wọn èjìká àwọn ọmọ. Ìyá Alága, tí kò bi mí rí bóyá mo sùn bóyá mi ò sùn, òun ló gbọ́wọ́ lé e léjìká, tó ń rẹ́rìn-ín wàà. Mo gbọ́ ọ ketekete: "Ọmọ ìgbìmọ̀ wa tuntun!"

Mo padà. Mo ṣí dúrọ́à, mo ki bébà náà sí i, mo tì í pa.

Mo ti rò ó. Tí bébà ò bá pé ọjọ́ méje, ìdìbò á fọ́. Ojú á ti Abẹ́rẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì lọ. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kọṣẹ́. Ta ló máa jiyàn? Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ní ẹ̀mí èṣù.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, kílẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wà ní geètì, mò ń gún píìnì. Bàbá Geètì wà nínú àkámọ́ pákó wọn, wọ́n gbé ìwé wọn lé orókún. Kò sóhun tí bàbá yẹn kì í kọ sínú ìwé. Ọkọ̀ kọjá, wọ́n kọ ọ́. Ewúrẹ́ kọjá, wọ́n kọ ọ́.

"Akọ̀wé, káàárọ̀ o. Ṣebí àná ni bébà yìí yẹ kó jáde?"

"Ẹ̀rọ ló kọṣẹ́, Bàbá."

"Hẹn-ẹn." Wọ́n lá ẹnu bíírò. "Ẹ̀rọ ọ̀hún tètè jí lónìí o."

Ọjọ́ ìdìbò pé. Kíláàsì kejì ni wọ́n lò. Àwọn òbí jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orókún gbogbo wọn kan àgbọ̀n. Wọ́n gbé àga kẹjọ síwájú, tìmùtìmù ẹ̀ ń dán. Wọ́n gbé tèmi náà wá, mo fi ti ògiri. Ìpínlẹ̀ rán aṣojú kan wá wo ìdìbò náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá kà ló ń fẹnu bíírò tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á gbọ́. Màmá wa wà lọ́wọ́ iwájú, àfi bíi pé wọ́n wá síbi ìgbéyàwó.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ògiri ni mo mọ̀ ọ́n mọ." Ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un torí pé kò pẹ́.

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó tú bébà tí mo kọ fún un, ó wò ó, ó ká a, ó fi sápò.

"Àǹtí mi kọ ọ̀rọ̀ tó dáa fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Látìgbà tá a ti wọ sáà yìí, síkẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún ni mo ti tún rán fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ń ya. Ẹ̀yìn, apá ọ̀tún. Mo ní, kí lèyí? Mo lọ síbẹ̀, mo jókòó bí ọmọdé. Ìṣó ni! Ìṣó yọrí lára gbogbo bẹ́ǹṣì wọn. Ìpàdé mélòó ni ìgbìmọ̀ ti ṣe nídìí tábìlì ńlá wọn látìgbà náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rán síkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀."

Yàrá dàrú. Ẹ sì wá gbọ́ tèmi: mo mọ̀ nípa ìṣó yẹn! Tíṣà kíláàsì kẹta ti sọ fún mi látọjọ́ tó ti pẹ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu mi, torí akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ń fò sókè.

Ìbò méjìdínlọ́gọ́ta fún un. Mọ́kànlélógún fún bíríkìlà, bíríkìlà fúnra ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún Abẹ́rẹ́.

Aṣojú ìpínlẹ̀ wá ní, "Ẹ gbé ìwé geètì wá."

Bàbá Geètì wọlé bí ọkọ ìyàwó. Wọ́n kà á sókè: "Ọjọ́rú, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Akọ̀wé lẹ bébà ìdìbò. Ó ń wẹ̀yìn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Aṣojú ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi bíírò tẹ kàlẹ́ńdà. "Ọjọ́ mẹ́fà péré. Ìdìbò yìí ò dúró."

Kí n sọ tòótọ́ fún yín? Inú mi dùn. Ìdùnnú náà ò pẹ́ tó kéèyàn sín, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ó ṣí ojú ìwé. "Ìyẹn ló gbé wa dé apá kẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ tí kò bá ní ọmọ ìgbìmọ̀ kẹjọ tí oṣù fi parí, ó ti tú ká nìyẹn. Ilé ìwé ẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú ńlá tó bá sún mọ́ ọn."

Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù máa parí, ibo lẹ ti fẹ́ rí ọjọ́ méje mìíràn? Gbogbo wa la sì mọ ìgbìmọ̀ ìlú ńlá yẹn. Ilé ìwé kéékèèké méjì ló ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ rí, àgádágodo ló wà lẹ́nu geètì méjèèjì, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wọkọ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Ìyá Alága yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ lo tẹ òfin yìí. Ṣé apá kẹsàn-án wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ojú ìwé kẹjọ." Ìka mi rántí ẹ̀. Ojú mi ò rí i rí.

Wọ́n ní ẹni tó bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú á máa yọ́ ọ ṣe. Tèmi ò tiẹ̀ yọ́ wá. Ọ̀sán gangan ló dé, ó mú bíírò dání.

Aṣojú ní, "Ṣùgbọ́n apá kẹwàá wà. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ̀bi, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé lónìí, ìdìbò lè dúró. Òṣìṣẹ́ náà á kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló dá bébà náà dúró?"

Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ ṣàánú mi. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa..."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìgbìmọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ló jẹ̀bi, ẹ ti tú ká."

Irọ́ tí mo ti dì sílẹ̀ látọ̀sẹ̀ kan bí ẹrù ìrìn àjò, ibẹ̀ ló ti tú. Àga mi dún gbọ̀n-ọ́n. Mo wo tìmùtìmù yẹn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́ á jókòó síbẹ̀, èmi á kúrò. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, gbogbo wa la máa kúrò. Ẹ má bínú o, mo kọ́kọ́ gbé èkejì yẹn yẹ̀ wò.

Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti dìde.

"Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ní kí àǹtí mi ṣì mú bébà náà dání, mo ní mi ò tíì pinnu."

Aṣojú wo ìwé ẹ̀. "Tó bá jẹ́ ẹni tó ń du àga ló fà á, orúkọ ẹ̀ á kúrò, ẹni tó ṣe ìkejì á gba àga náà. Ìgbìmọ̀ ò ní í tú ká. Akọ̀wé ò lẹ́bi."

Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ohun tí mò ń wá ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn. Ilé ìwé wà. Iṣẹ́ mi wà. Àga kẹjọ bọ́ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni, ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́.

Àmọ́ ẹ wo yàrá náà. Gbogbo èèyàn ń mí kanlẹ̀, wọ́n ń wo Abẹ́rẹ́ bí áńgẹ́lì. Ìyá Alága yọ gíláàsì, ó ń nu ojú. Màmá wa ti ń sunkún. "Ọmọ tó mọ iyì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ báyìí! Ọmọ mi dáadáa!" Àní ẹ̀bi mi! Nínú gbogbo yàrá yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló jẹ́ tèmi, òun náà ni Abẹ́rẹ́ tún fẹ́ gbà lọ, kí wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un lórí ẹ̀!

"Irọ́ ni!" Mo ti dìde kí n tó mọ̀, àga oníke ṣubú lulẹ̀.

"Akọ̀wé, ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí, mà. Èmi ni mo pe ara mi. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Bébà náà wà nínú dúrọ́à mi látọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo tì í mọ́bẹ̀. Ẹ̀rọ ò kọṣẹ́. Owú ni mò ń jẹ."

Bàbá Geètì fọhùn nídìí ẹnu ọ̀nà: "Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í wẹ̀yìn."

Mo fa ìwé ìpàdé sọ́dọ̀, mo kọ ọ́. "Akọ̀wé sọ pé." Mo dúró díẹ̀, mo wò ó. Ọdún mẹ́ta, mi ò kọ gbólóhùn yẹn rí. Mo kọ ìyókù, mo fọwọ́ sí i, lẹ́tà ńlá.

Abẹ́rẹ́ bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

"Mo rí pátákó lófìfo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní ọjọ́ kan, kí ni ọjọ́ kan máa ṣe? Mi ò ka òfin, Àǹtí mi."

"Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ gan-an ò kà á."

A fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Ó wá yọ nǹkan nínú báàgì. Tìmùtìmù ni, kékeré, aláwọ̀ ewé, ó ní okùn tí wọ́n á fi so ó mọ́ àga. "Àjẹkù aṣọ ọjọ́ yẹn ni. Mo rán an fún àga yín. Mo fẹ́ dúró kí ìdìbò parí kí n tó gbé e fún yín."

Àga tí mi ò ní mọ́. Mo gbà á. Mo yẹ etí ẹ̀ wò bóyá òwú kan tiẹ̀ yọ. Kò sí. Ó tún dùn mí.

Ìwé ìpàdé náà, òfin yẹn ló tún ní kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ sí geètì fún ọjọ́ méje gbáko. Ni wọ́n bá lẹ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn báyìí, àdúgbò yẹn kan náà ló wà, kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú ọ̀rọ̀ ara mi. Wọ́n ń kà á o! Wọ́n ń pe ara wọn wá kà á. Bàbá Geètì ní àwọn ti kọ èèyàn mẹ́tàléláàádọ́rin tó kà á sílẹ̀, pé láyé àwọn, kò sí ọ̀rọ̀ alága kankan tí wọ́n kà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ti lẹ bébà mìíràn lé tèmi lórí. Mo dúró kà á. "Ọmọ ìgbìmọ̀ kẹjọ sọ pé wọ́n ti yọ gbogbo ìṣó ara bẹ́ǹṣì kíláàsì kẹta. Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Orúkọ ẹ̀, lẹ́tà ńlá.

Ẹ má rò pé owú ti tán o. Ó wà níbẹ̀, ó jókòó sórí tìmùtìmù ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tuntun tí wọ́n gbà yẹn, píìnì méjì péré ló lò, bébà wọ́ sápá kan, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Tó bá já kó tó pé ọjọ́ méje ńkọ́?

Mo yọ píìnì mẹ́rin lára tèmi tó wà lábẹ́. Mo fi gún ti Abẹ́rẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Bàbá Geètì ti ń lá ẹnu bíírò.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ dáadáa o," mo ní. "Mi ò wẹ̀yìn."